Irorẹ́ lójú ọmọ: ẹ ṣọ́ra fún ìpara àpòpọ̀

Kí irorẹ́ tó yọ tán lójú ọmọ ọdún 14, gbogbo ilé ti di dókítà. Ìyá àgbà ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹ̀gbọ́n ní ọṣẹ ìfọyín ni, aládùúgbò sì mọ ẹni tó ń po ìpara. Lójú tèmi, ìpara yẹn ló léwu jù.

Òmíràn nínú àwọn ìpara àpòpọ̀ ọjà, ní Èkó, Kano tàbí Accra, máa ń ní clobetasol nínú. Ojú lè kọ́kọ́ dán, àmọ́ bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á sì tún pọ̀ sí i.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ásíìdì rẹ̀ lè jó awọ, pàápàá bí oòrùn bá pa á, àpá dúdú rẹ̀ sì lè wà fún oṣù púpọ̀. Epo àgbọn náà lè dí ihò awọ.

Irorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìbàlágà ló ń mú kí òróró pọ̀ lójú, kí ihò awọ sì dí. Nítorí náà, ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn bó ojú ọmọ. Ọṣẹ tí kò le, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti tó. Ẹ béèrè benzoyl peroxide 2.5% ní ilé òògùn tó níwèé àṣẹ. Díẹ̀ ni kó fi pa ojú lálẹ́. Ó lè mú kí aṣọ ìrọ̀rí ṣí o. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12.

Bí irorẹ́ bá wú, tó ń dunni, tàbí tó ń dá àpá sí ojú, ẹ tètè rí dókítà. Ẹ má sì fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.