Bọ́ọ̀lù Rọ́bà Kì í Ṣe Eré Ọmọdé

Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí ni mo fi ń gbè sẹ́yìn bésíbọ́ọ̀lù onírọ́bà tí wọ́n ń gbá ní Jàpáànù, nítorí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ló ń fojú tín-ínrín wò ó. Wọ́n ní eré àwọn tí apá wọn ò ká bọ́ọ̀lù gidi ni. Èmi ò gbà.

Horace Wilson, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, ló fi bésíbọ́ọ̀lù han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tokyo lọ́dún 1872. Bọ́ọ̀lù líle tí wọ́n fi òwú wé, tí wọ́n fi awọ bò, ni wọ́n ń lò. Ó wọ́n, ó sì léwu fún ọmọdé. Ní nǹkan bí ọdún 1918, Suzuka Sakae àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto ṣe ti rọ́bà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn bàbá fi bá ọmọ wọn dá sí i. Títí dòní, àwọn òṣìṣẹ́ ń jí lówùúrọ̀ kùtùkùtù láti gbá a kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

Inú bọ́ọ̀lù náà ṣófo. Èyí tí àwọn àgbà ń lò láti ọdún 2018 wọn gíráàmù 138. Ti líle kò ju nǹkan bí 145 lọ. Ìwúwo kọ́ ni ìyàtọ̀, bí rọ́bà ṣe ń gba ìyà ni. Bí igi tí wọ́n fi ń gbá a bá bà á, ńṣe ló máa fún pọ̀, tí agbára ẹni tó gbá a yóò sì run sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi tipátipá gbé e kọjá odi pápá, òkè lásán ni bọ́ọ̀lù ń lọ, ọwọ́ alátakò ló sì ń bọ̀ sí.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bí ẹnì kan bá ti dúró ní ibùdó kẹta, tó ku díẹ̀ kó délé láti jẹ ayò, ẹnìkejì rẹ̀ tó mú igi kì í wá bí bọ́ọ̀lù ṣe máa jìnnà mọ́. Yóò lù ú mọ́lẹ̀, pàá! Rọ́bà yóò ta sókè fíofío, alátakò yóò gbójú sókè, yóò máa retí rẹ̀. Kó tó bọ̀, ará ibùdó kẹta ti yọ́ wọlé. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù náà mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ń bọ̀, á máa wá ibi tí yóò jù ú sí tí igi ò fi ní lè lù ú mọ́lẹ̀. Ta ló máa ní kò sí adùn nínú ìyẹn?

Wọ́n á ní ayò ò pọ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ilé-ìwé Chukyo láti Gifu àti Sotoku láti Hiroshima pàdé ní ìdíje àwọn ilé-ìwé gíráámà ní Akashi, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Abala mẹ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n gbá. Wọ́n gbá 15 lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó jẹ; 15 lọ́jọ́ kejì, 15 lọ́jọ́ kẹta, òdo sí òdo. Ọjọ́ kẹrin, ní abala 50, ni Chukyo tó jẹ ayò mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan péré ló ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bọ́ọ̀lù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jù lé ní 600. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Chukyo tún lọ gba ife. (Iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù fún apá ọmọdé, ó sì tọ́ bí wọ́n ṣe yí òfin padà lẹ́yìn náà.) Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ayò kan ṣoṣo tó láti fi ṣẹ́gun, báwo ni eré yẹn ṣe máa sú u?

Wọ́n tún ní akọni kan ò tinú rẹ̀ jáde rí. Ono Yutaka ń kọ́? Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù ní Izumo ni, bọ́ọ̀lù rọ́bà ló ń jù fún wọn, kí Hiroshima Carp, ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù líle jẹun, tó gbà á lọ́dún 1977. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jáde, wọ́n jẹ ayò márùn-ún lórí rẹ̀, ẹnì kan péré ló sì rí lé kúrò. Ó dúró títí di 1998, ó ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́jọ, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù Jàpáànù lọ́dún 2013.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ti onírọ́bà yìí wò kí ẹ tó dájọ́. Kí ẹ má tẹjú mọ́ igi nìkan. Ará ibùdó kẹta ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.