Ipin Ojú Kì í Ṣe Ìpín Ọmọ

Màmá mi ni wọ́n fún aládùúgbò wa ní ìmọ̀ràn tó ba ojú ọmọ rẹ̀ jẹ́. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ gbólóhùn yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, pé bóyá ẹlòmíràn á fi kọ́gbọ́n.

Inú búlọ́ọ̀kù kan náà ni à ń gbé ní Gowon Estate, àwa nísàlẹ̀, àwọn lókè. Nígbà tí àbúrò mi pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣepin. Láràárọ̀ ni ìpéǹpéjú rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, omi á sì máa dà lójú rẹ̀ láìsunkún. Màmá mi ń fún omi ọmú sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó yá, ojú náà mọ́. Gbogbo ilé yin ọmú.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá òkè bí tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ náà méjèèjì wú, ọyún sì ń jáde níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá màmá mi. "Ọmú ni kí o fún sí i," ni wọ́n wí fún un. "Ṣé ìwọ náà rí ti ọmọ mi lónìí?" Ọmú ló ń fún sí i títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ojú kan ṣì ṣeé gbà là. Funfun ti bo ẹyinjú èkejì, kò sì fi í rí nǹkan kan títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kò sí ohun tó yẹ kó kan ojú ọmọ tuntun ju omi tí a sè tó sì ti tutù lọ, àti oògùn tí ilé ìwòsàn bá fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọmú, kì í ṣe ìtọ̀, kì í ṣe omi iyọ̀, kì í ṣe omi ewé, kì í ṣe oògùn tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí kò wo ojú ọmọ náà rárá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi dá mi lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwa náà, ojú wa ò sì fọ́." Òótọ́ ni. Ẹ gbọ́ ìdí tí kò fi fọ́. Ọ̀nà tín-ín-rín kan wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sínú imú. Ìdí nìyẹn tí imú fi ń ṣomi nígbà tí a bá ń sunkún. Àwọn àgbà tó ní ohun tó bá ojú ti bá imú kò purọ́. Lára ọ̀pọ̀ ìkókó, ọ̀nà yìí kì í tíì là tán lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Omijé kò ríbi gbà, ló bá dúró, ló bá di ipin. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í pọ́n, kì í sì í wú. Bí a bá ń nù ún, tí a sì ní sùúrù, nǹkan bí ọmọ 9 nínú 10 ni ọ̀nà náà máa là fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ohun tó ṣe àbúrò mi nìyí. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, àmọ́ àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Ti ọmọ òkè yàtọ̀. Kòkòrò àtọ̀sí ló wọ ojú rẹ̀ nígbà tó ń gba ojú ara ìyá rẹ̀ jáde wá sáyé. Èyí sábà máa ń hàn láàárín ọjọ́ 2 sí 5: ìpéǹpéjú á wú, funfun ojú á pọ́n, ọyún tó ki á máa ya jáde. Láàárín wákàtí 24, ó lè dá ẹyinjú lu. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kílámídíà sábà máa ń hàn láàárín ọjọ́ 5 sí 14, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ abẹ́rẹ́, ti èkejì ń fẹ́ oògùn tí ọmọ máa gbé mì. Oògùn tí a kán sójú nìkan kò tó fún méjèèjì. Mélòó ni ti ọmú?

Èmi kò bá ọmú jà. Oṣù mẹ́fà gbáko ni àwọn elétò ìlera ní kí ìkókó fi mu ún láìfi omi kún un. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ọmú wà fún. Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń fún un sójú, ọjọ́ ìdúró ni, kòkòrò kì í sì í dúró dè wá.

Orúkọ tí a ń pe àrùn náà tún ń tàn wá jẹ. Ní àdúgbò wa, ojú kójú tó bá ti pọ́n, "Àpólò" ni. Ní ọdún 1969, àrùn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ó sì ràn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, ni àwọn èèyàn bá fi orúkọ ọkọ̀ náà pe àrùn ọ̀hún. Àpólò a máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti pe ti ìkókó ní Àpólò, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ojú ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta bá ń da ọyún, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ gbé e lọ.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Nígbà tí dókítà pe orúkọ àtọ̀sí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lókè: ta ló kó o ran ta? A ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀, ojú ọmọ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní àtọ̀sí tàbí kílámídíà tí ara wọn kò sọ fún wọn, nítorí kì í sábà dùn wọ́n. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni àyẹ̀wò nígbà tí oyún ṣì wà nínú, tọkọtaya ló sì yẹ kó gba ìtọ́jú pọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ó ti lé ní 140 ọdún tí ayé ti mọ bí a ṣe ń dènà àrùn yìí. Dókítà Carl Credé, tó ń gbẹ̀bí ní ìlú Leipzig ní Jámánì, kéde ní ọdún 1881 pé òun ń kán oògùn silver nitrate sójú gbogbo ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí wọn. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ni àrùn yìí ń mú ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tó ọmọ 1 nínú 100. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fi oògùn bí ìkunra tetracycline tàbí erythromycin sójú gbogbo ọmọ tuntun. Ẹni tó gbẹ̀bí ìyá òkè kò fi nǹkan kan sí i, ìyá òkè kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè. Ẹ̀yin aboyún, ẹ bèèrè.

Bí ipin bá wà lójú ọmọ, tí ojú náà kò pọ́n tí kò sì wú, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ rẹ òwú tó mọ́ sínú omi sísè tó ti tutù, kí ẹ nù ún láti igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú síta. Ìnù kan, òwú kan. Òwú ojú ọ̀tún kò gbọdọ̀ kan tòsì. Ẹ tún ọwọ́ fọ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fi ìka rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ imú sísàlẹ̀ kí ọ̀nà omijé lè là. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n, tó wú, tàbí tí ọyún ń jáde, tí ọmọ kò sì tíì pé ọjọ́ 28, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé owó kò sí, mo sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó wà láàárín wa àti Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alimosho ní Ìgàndò. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kò tó owó ojú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ti ya àwòrán ojú nínú ìwé Baiọ́lọ́jì, a sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí i. Ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń nù ún pẹ̀lú. Àwa la máa di ìyá àti bàbá lọ́la, àwa náà la sì wà nílé lónìí nígbà tí wọ́n bá ń fún ọmú sójú ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ká ní mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí lọ́jọ́ tí ìyá òkè sọ̀ kalẹ̀, ǹ bá kúnlẹ̀, ǹ bá sì sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Bí mo bá pè é láti apá òsì, gbogbo orí ló fi ń yí kó tó rí mi. Àwọn kan ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni, pé ìpín rẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Ipin ni, a sì lè wò ó.