Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ẹ Ṣọ́ra O

Olóòtú,

Ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n bá àwọn ọmọ wa obìnrin sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣoge. Àwọn baba wa náà kọlà sẹ́rẹ̀kẹ́ nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n olóòlà ni wọ́n ń pè, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní abẹ.

Hyaluronic acid ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, nítorí oògùn wà tó lè yọ́ ọ bí nǹkan bá yíwọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹran ara lè kú, ojú sì lè fọ́. Silikóònù olómi ní tirẹ̀ kò ní oògùn tó ń yọ́ ọ. Ní 2011, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ 20 ọdún láti London kú ní Philadelphia, nítorí pé Padge Victoria Windslowe, tí kì í ṣe dókítà, gún un sí ìdí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 ni ilé ẹjọ́ dá fún un ní 2015.

Ẹ̀yin ará Awoyaya àti Ajah, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ MDCN lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì wádìí bóyá HEFAMAA mọ ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò kún sàn ju ojú tó fọ́ lọ.

Bàbá Káfíńtà,
Awoyaya, Ìpínlẹ̀ Èkó.