Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Tí Ẹ Kò Jẹ́ Kí Ilé Wó: Òfin Ọdún 1966 Pé Ọgọ́ta Ọdún

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson bu ọwọ́ lu òfin kan ní Washington, òfin tó sọ ilé àtijọ́ di ohun tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fojú fò mọ́. National Historic Preservation Act ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2026 yìí, ó pé ọgọ́ta ọdún gééré. Ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan o! Ọ̀pọ̀ ilé tí à bá máa fi ọwọ́ júwe ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì dúró digbí, tí èéfín ń jáde nílé ìdáná rẹ̀, tí ọmọ ń sá wọlé sá jáde. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin ayàwòrán ilé, ẹ̀yin ìyá tí ẹ kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ro yín, ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ ní katakata kò ní kọjá, ẹ kú oríire. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà.

Ohun tó mú inú mi dùn jù nínú ayẹyẹ yìí ni ibi tí iṣẹ́ náà rìn dé. Ilé olówó àti ilé ààrẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti dé ilé mẹ̀kúnnù báyìí, ó ti dé ilé ọmọ ẹrú.

Àwọn obìnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1853, Louisa Bird Cunningham, ará South Carolina, wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Potomac ní alẹ́ òṣùpá. Ọkọ̀ dé iwájú Mount Vernon, ilé George Washington, ó sì rí i pé ilé náà ti ń wó lọ. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀, Ann Pamela, pé bí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ yìí bá ń wò ó níran, kí ló dé tí àwọn obìnrin kò lè gbà á là? Ann Pamela ti já lulẹ̀ lórí ẹṣin nígbà èwe, ara rẹ̀ kò sì le láti ìgbà náà, síbẹ̀ ó gbé iṣẹ́ náà lé orí. Ìjọba àpapọ̀ kò rà á, ìpínlẹ̀ Virginia kò rà á. Àwọn obìnrin ló tọrọ owó káàkiri orílẹ̀-èdè títí wọ́n fi san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là, $200,000. Nígbà tí ilé bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1860, òpó ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ni wọ́n fi ń ti òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sódò, kó má baà wó lu ènìyàn. Ẹgbẹ́ wọn, Mount Vernon Ladies' Association, ló ṣì ni ilé náà dòní olónìí.

Mo júbà wọn. Ṣùgbọ́n ilé ńlá nìkan ni ojú wọn wà. Lọ́dún tí Washington kú, 1799, àwọn ẹrú tó wà lórí ilẹ̀ yẹn lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ibi tí àwọn yẹn ń sùn.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ń ta jí díẹ̀díẹ̀. Charleston ṣe òfin tirẹ̀ lórí ilé àtijọ́ lọ́dún 1931. Lọ́dún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn ayàwòrán ilé ń jókòó láìríṣẹ́, ìjọba gbà wọ́n kí wọ́n máa wọn ilé àtijọ́, kí wọ́n sì yà á sórí ìwé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àwòrán wọ̀nyẹn wà ní Library of Congress títí di òní, ẹnikẹ́ni lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà márosẹ̀ àti ètò tí wọ́n pè ní àtúnṣe ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé run. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Pennsylvania Station ní New York, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó rẹwà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1910, ọgbẹ́ yẹn kò sì san lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. New York ṣe òfin lọ́dún 1965, ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e lọ́dún kejì.

Ohun tí òfin náà ṣe kò ṣòro láti sọ. Ó dá ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀, National Register of Historic Places, tí orúkọ inú rẹ̀ ti lé ní 90,000 báyìí. Ó mú kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kankan tó náwó sí iṣẹ́ kan tàbí kó fọwọ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà yóò pa ilé ìtàn lára, kó sì gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Abala yìí, Section 106, ni mo fẹ́ràn jù. Kò dí onílé tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ wó ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ìlú ló lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mú kí katakata ìjọba dúró ná, kó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì hàn kedere ní New Orleans. Lọ́dún 1966 yẹn gan-an, wọ́n gé àwọn igi oak ńláńlá tó tò lọ rẹrẹ láàárín Claiborne Avenue, ní Tremé, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n lè gbé ọ̀nà márosẹ̀ gba orí ibẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fẹ́ gbé gba etí odò níwájú French Quarter, ìjọba fagi lé e lọ́dún 1969 nítorí ariwo àwọn olùdáàbòbò ilé. Àdúgbò kan là, èkejì fara gbọta. N kò ní fi èyí pamọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ, nítorí pé àwọn tó fara gbọta ni iṣẹ́ náà wá yà sọ́dọ̀ wọn níkẹyìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ijó mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé kan ní New Orleans. Ilé shotgun ni wọ́n ń pè é. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré wà níwájú. Ẹ ó gba ibẹ̀ wọ pálọ̀, ẹ ó gba pálọ̀ wọ yàrá, ẹ ó gba yàrá wọ yàrá kejì, ilé ìdáná á wà lẹ́yìn pátápátá. Kò sí ọ̀nà àárín bíi ti ilé Face-me-I-face-you. Ẹni tó ń lọ sẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọjá lára gbogbo ará ilé, kó sì kí wọn. Ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sábà máa ń kọjú síra, kí atẹ́gùn lè gba inú ilé já nígbà ooru Louisiana.

Lọ́dún 1976, ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach tẹ àlàyé kan jáde nípa ilé yìí. Ó tọpa rẹ̀ láti New Orleans lọ sí Haiti, ó sì tọpa rẹ̀ láti Haiti wá sí ilẹ̀ Yorùbá, sí ilé oníyàrá méjì àwọn baba wa. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Haiti ti bi ìjọba àwọn amúnisìn ṣubú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti erékùṣù náà sá lọ sí Cuba. Nígbà tí Cuba lé wọn lọ́dún 1809, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án nínú wọn ló gúnlẹ̀ sí New Orleans, àwọn aláwọ̀ dúdú olómìnira pọ̀ nínú wọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Ìmọ̀ ilé kíkọ́ bá wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ń bá Vlach jiyàn, wọ́n ní ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ń tà nígboro ló fa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Vlach ló wọ̀ mí létí. Ilẹ̀ tóóró lè sọ bí ilé yóò ṣe fẹ̀ tó, kò lè sọ pé kí yàrá máa ṣí sínú yàrá, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kọjú sí òde kí aládùúgbò lè yà. Àlàyé náà pé àádọ́ta ọdún lọ́dún yìí, ayẹyẹ wa di méjì.

Pákó ara àwọn ilé wọ̀nyí náà ní ìtàn. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ máa ń kó ẹrù gba odò Mississippi sọ̀ kalẹ̀ wá sí New Orleans. Kò lè gòkè odò padà, nítorí náà wọ́n á tú u, wọ́n á ta pákó rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Bí káfíńtà bá ṣí ògiri ilé àtijọ́ níbẹ̀ lónìí, ó lè bá pákó tó nípọn gan-an, tí ihò èèkàn igi tó so ọkọ̀ pọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ilé yìí kúrò ní New Orleans, ó di ilé gbogbo mẹ̀kúnnù ìhà gúúsù, dúdú àti funfun. Nínú irú rẹ̀, oníyàrá méjì, ni wọ́n bí Elvis Presley sí ní Tupelo lọ́dún 1935. $180 ni bàbá rẹ̀ yá láti fi kọ́ ọ. Ní Houston, John Biggers, ayàwòrán tó rin ìrìn àjò dé Ghana, Togo, Dahomey àti Nàìjíríà lọ́dún 1957, ya ilé shotgun àdúgbò Third Ward gẹ́gẹ́ bí ilé ọlá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ló ta Rick Lowe àti àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí: lọ́dún 1993 wọ́n dáwọ́ lé ilé shotgun 22 tó ti di àpatì ní Third Ward, wọ́n dá Project Row Houses sílẹ̀. Wọ́n tún un kàn, wọ́n tún un kùn. Iṣẹ́ ọnà wà nínú àwọn kan, àwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ ń gbé inú òmíràn títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀yin ará Third Ward, ẹ kú oríire o!

Mo fẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí gbogbo èyí, ẹ jẹ́ ká mú fèrèsé kan ṣoṣo. Fèrèsé àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ férémù méjì tó ń gòkè tó ń sọ̀. Okùn gba orí àgbá kékeré kan lókè, ó wọ inú ihò tó pamọ́ sínú ògiri, irin wúwo so mọ́ ìdí rẹ̀. Irin yẹn àti fèrèsé wúwo bákan náà, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e sókè. Bí okùn bá já, onílé á rò pé ó ti bàjẹ́, á sì lọ ra oníke. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di fèrèsé mú, á fa férémù jáde, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, á mú irin jáde, á so okùn tuntun. Á fi ooru rọ amọ̀ tó gbẹ mọ́ etí gíláàsì, á hà á kúrò, á fi èyí tí wọ́n fi òróró linseed àti ẹfun pò rọ́pò rẹ̀. Kò ní pààrọ̀ gíláàsì. Ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, ó ní ìgbì díẹ̀, ó ní ìléròrò kéékèèké, bí oòrùn bá gbà á kọjá ìmọ́lẹ̀ á máa jó lára ògiri. Igi férémù náà wá láti inú igbó kìjikìji, igi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà, ó ki, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. A kì í rí irú rẹ̀ rà ní ìsọ̀ mọ́.

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ náà kì í sáré gbé símẹ́ǹtì. Bíríkì àtijọ́ rọ̀. Bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì líle dí àlàfo rẹ̀, omi tó wọ ògiri kò ní rí ọ̀nà jáde àfi gba ara bíríkì, ojú bíríkì á sì máa ṣí bọ́. Láìmù àti yanrìn ni wọ́n ń pò fún un, ògiri á máa mí.

Ìtàn Weeksville ni mo fẹ́ràn láti sọ jù lọ. Ní Brooklyn, James Weeks, aláwọ̀ dúdú, ra ilẹ̀ lọ́dún 1838, ọdún 11 lẹ́yìn tí ìfiniṣẹrú parí ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́lé yí i ká, wọ́n ní iléèwé, wọ́n ní ilé ìjọsìn. Ìlú ńlá gbé àdúgbò náà mì títí ọ̀pọ̀ fi gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 1968, òpìtàn James Hurley àti Joseph Haynes, ẹni tó mọ bàlúù wà, fò lórí Brooklyn láti wá a. Láti òkè ni wọ́n ti rí àwọn ilé onípákó mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà àtijọ́ tí kò bá ìlà títì ìsinsìnyí mu, Hunterfly Road. Joan Maynard gbé iṣẹ́ náà léjìká fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò bá wọn kówó jọ, ìlú New York sì ka ilé náà sí ilé ìtàn lọ́dún 1970. Ó wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó.

Joseph McGill wá dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bèèrè ní Mount Vernon ìgbà náà, ìyẹn ibi tí àwọn ẹrú ń sùn. Láti ọdún 2010 ló ti ń sùn mọ́jú nínú ilé tí àwọn ẹrú gbé, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, kí àwọn tó ni ilẹ̀ lè rí i pé ilé náà tọ́ sí àtúnṣe. Lọ́dún 2017, àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́rin, Adam Pendleton, Rashid Johnson, Ellen Gallagher àti Julie Mehretu, dáwó jọ ra ilé oníyàrá mẹ́ta ní Tryon, North Carolina, níbi tí wọ́n bí olórin Nina Simone sí. $95,000 ni wọ́n rà á. Ilé tó kéré, tí ẹlòmíràn ì bá kọjá lára rẹ̀ láìwò, ló ti wá di ilé tí wọ́n ń ṣìkẹ́ báyìí.

Ilé sábà gbọ́dọ̀ tó àádọ́ta ọdún kí National Register tó gbà á wọlé. Nítorí náà, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1976 ti di àgbà lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú wọn, ẹ wá ìwé ilẹ̀ jáde, ẹ wá fọ́tò ọjọ́ ìṣílé, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè orúkọ káfíńtà tó kan òrùlé. Ayẹyẹ ti kàn yín. Ẹ kú àmúṣẹ̀yẹ, ọdún á yabo!