Wíwọ̀n Ni Kí Ó Ṣáájú Pípààrọ̀

Babaláwo kì í yan ẹbọ kí ó tó dá Ifá. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ Kétu ni ó mọ èyí. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ babaláwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lọ́wọ́ mẹkaníìkì. Iná kékeré kan tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sì jáde ní gáráàjì ni pé: “Ẹ lọ ra òmíràn wá.” Ní Idigny, níbi tí àgbàdo àti gbágùúdá ti ń dúró de ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà, ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ná àwọn ènìyàn kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yà kan tí àṣà yìí ń fìyà jẹ gan-an ni káptọ̀ tí ń wọn ooru afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ oní-túbò. Iṣẹ́ túbò ni láti fún afẹ́fẹ́ mọ́ra kí púpọ̀ rẹ̀ lè wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ bá fún mọ́ra yóò gbóná, ooru rẹ̀ sì lè kọjá 100°C. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé intercooler, rédíétọ̀ tí ń mú afẹ́fẹ́ tutù, sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Káptọ̀ ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ náà ti gbóná tó. Bí ìròyìn yìí bá ṣì, kọ̀ǹpútà lè dín agbára ọkọ̀ kù, ọkọ̀ yóò sì máa wọ́ bí ẹni tí ó ru ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté Kútọnu wọlé ni ó ti Yúróòpù wá. Níbẹ̀, òfin ti sọ ọ́ di dandan, láti 2001 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ń lo bẹntiróòlù àti láti 2004 fún ti gásọ́ọ̀lì, pé kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó sì ní ihò ìsopọ̀ tí síkánà lè kà. Ọkọ̀ ti ṣetán láti sọ̀rọ̀. Etí tí yóò gbọ́ ọ ni kò tó.

Àmọ́ ohun tí síkánà sọ kì í ṣe ìdájọ́. Bí ó bá kọ P007D, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà káptọ̀ náà ga jù. Bí ó bá kọ P007C, ó kéré jù. Kò sọ pé káptọ̀ ti kú. Wáyà tí eku gé jẹ, orí ìsopọ̀ tí ó tú tàbí tí ó dípẹtà, gbogbo wọn ni ó lè mú irú àmì bẹ́ẹ̀ wá.

Àyẹ̀wò tí yóò ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kò ṣòro. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ta ẹ́ńjìnnì jí, ooru afẹ́fẹ́ àti ooru omi ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba. Bí síkánà bá wá ń sọ pé afẹ́fẹ́ Idigny tutù dé -40°C, ó dájú pé ojú ọ̀nà iná ti já níbì kan. Bí káptọ̀ náà bá jẹ́ oníwáyà méjì péré, kí mẹkaníìkì yọ orí ìsopọ̀ rẹ̀, kí ó sì fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì pọ̀. Bí ìwọ̀n bá fò sókè kọjá 100, wáyà àti kọ̀ǹpútà kò ní àbùkù. Káptọ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Bí kò bá yí padà, wáyà ni kí wọ́n tọ̀. Mítà àwọn oníṣẹ́ iná náà lè jẹ́rìí: bí káptọ̀ ti ń gbóná, iye ohm rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìfò.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òtítọ́ ni káptọ̀ ń sọ. Bí eruku pupa ojú ọ̀nà oko bá ti dí ojú intercooler, afẹ́fẹ́ gbóná ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ káptọ̀ níbẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn mẹkaníìkì ní èsì tí ó yẹ kí á gbọ́. Oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún àyẹ̀wò. Bí wákàtí kan bá kọjá tí wọn kò sì fi ẹ̀yà tuntun hàn án, yóò ní: “Kí ni ẹ ṣe?” Nítorí náà, ọ̀gá a máa pààrọ̀ nǹkan kí ó lè rí owó gbà. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti gáráàjì nìkan. Oníbàárà tí kò fẹ́ san owó ìwádìí ni yóò san owó ẹ̀yà tí kò bàjẹ́, yóò sì tún pàdánù ọjọ́ ọjà.

Ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn. Bí síkánà bá wọ́n fún ọ̀gá kan, àwọn ọ̀gá mélòó kan lè fi èsúsú ra ẹyọ kan tí wọn yóò jọ máa lò. Kí wọ́n sọ iye owó àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń múra sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí CQP, kí ìmọ̀ mítà wà lọ́wọ́ wọn bí ìmọ̀ sípánà ti wà. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kọ́ ju yíyọ àti dídè lọ yóò di ọ̀gá tí ń méfò, àwọn àgbẹ̀ Idigny ni yóò sì máa san owó eéfò náà.