Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà

Nígbà tí a bá kórè ẹ̀wà tán, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ó kó o jọ, a ó sì dáná sun ún. Bí a bá rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò náà, a ó ní àrùn ni. Èmi kò fara mọ́ àṣà yìí.

Inú kókó wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń mú náítírójìn, tí í ṣe bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ohun tí àgbàdo kò lè ṣe fún ara rẹ̀. Ẹ̀wà pẹ̀lú ń fi ṣúgà bọ́ wọn. Beijerinck, ará Họ́láńdì, ni ó ya kòkòrò yìí sọ́tọ̀ ní ọdún 1888.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé kò dọ́gba. Gbòǹgbò ẹ̀wà a tú oje kan sínú ilẹ̀, bí ẹni ránṣẹ́ pe àlejò. Nígbà tí wọ́n bá dé, irun gbòǹgbò a ká mọ́ wọn. Ní ti ẹ̀pà, ibi tí ẹ̀ka gbòǹgbò ti la ara jáde ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn méjèèjì kì í sábà ṣàṣàyàn. Kòkòrò ilẹ̀ wa tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n sóyà ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa yan tirẹ̀. Bí kò bá bá a nílẹ̀, ewé rẹ̀ a pọ́n. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀, láti àwọn ọdún 1970, sí mú irú sóyà tí kò ṣàṣàyàn jáde. Orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx. Ẹni tí ń ra irúgbìn, kí ó bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ rọra fi ọkọ́ hú ìdí kan. Kókó rere a máa já bọ́ wẹ́rẹ́. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó wú tí kò ṣeé já, aràn ilẹ̀ ni. Irú ìyẹn ni kí ẹ hú, kí ẹ sì sun.

Mo mọ̀ pé pàǹtírí a máa fa eku. Mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ọrá náà ni ó ń bá èso lọ sílé. Èyí tí ó kù wà nínú ewé àti gbòǹgbò, òun gan-an ni iná ń dá padà sí afẹ́fẹ́. Ẹ gé ẹ̀wà ní ìdí, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, ẹ fi ewé bo ilẹ̀, kí ẹ sì gbin àgbàdo síbẹ̀ nígbà òjò tí ń bọ̀.