Ilẹ̀ Gbalasa Kì í Ṣe Oko Mímọ́

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, kì í kọ ebè iṣu tán kí ó fi poro sílẹ̀ lófìfo. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ̀gúsí ni yóò gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Kí oṣù méjì tó pé, ìtàkùn rẹ̀ á ti fà kálẹ̀, ewé rẹ̀ á sì ti bo poro. Koríko tó bá fẹ́ hù kò ní rí oòrùn. Ìwọ̀nba èyí tó bá yọrí, ọwọ́ lásán tó láti fà á tu.

Kì í ṣe nítorí ọbẹ̀ nìkan ni Yorùbá fi ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu. Ewé rẹ̀ ni òjò ń kọ́kọ́ nà kó tó kan ilẹ̀. Ọ̀gbàrá kì í sì í rí ilẹ̀ ọlọ́ràá wọ́ lọ.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oko tí a kò rí ewé kan nílẹ̀ rẹ̀ ni oko mímọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń bá ṣe àáró ti gba ìlú ńlá lọ, owó alágbàro sì wọ́n. Oògùn apakoríko ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wá gbójú lé. Oògùn náà ń pa koríko lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ lófìfo, koríko mìíràn ni yóò gbà á.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ti ń gbin mùkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára, sáàárín àgbàdo tó ti tó bí ọjọ́ 40. Ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, koríko tí ọkọ́ kì í tètè ṣẹ́gun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ń kú, ewé rẹ̀ a sì di ọ̀rá ilẹ̀. N'Ìbàdàn pẹ̀lú, ibùdó ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ti ṣe ìwádìí lórí irú ewéko bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ẹ̀gúsí kò sọ ọkọ́ di aláìwúlò. A ní láti ro oko kí ewé rẹ̀ tó kún ilẹ̀. Lóòótọ́ sì ni pé ejò lè sá sábẹ́ ìtàkùn. Nítorí náà, kí iwájú ilé wà ní gbígbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ àti oko ilé ẹ̀kọ́ kò yẹ kó wà ní ìhòòhò.

Ó yẹ kí olùkọ́ pín oko ilé ẹ̀kọ́ sí méjì, kí àwọn ọmọ gbin ẹ̀gúsí tàbí ọ̀dùnkún sí apá kan, kí wọ́n sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n ro apá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pe àgbà tó mọ̀ ọ́n gbìn wá kọ́ wọn, nígbà tí irú wọn ṣì wà láàárín ìlú.